Ìwé Tí A Ká

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e gòkè ní Valparaíso,
àtẹ̀gùn mọ́kànléláàádọ́fà,
wọ́n ń dúró mí níbi tí àwọn ajá sùn sí.
Nibaldo ń bọ̀ lẹ́yìn wọn lọ́wọ́ òfo,
ó ń ké bí ìyá ìkókó tí wọ́n gbọ́mọ lọ́wọ́ rẹ̀:
“Ẹ má dà á délẹ̀! Tàdáwà wà nínú rẹ̀!”

Kò sí tàdáwà kankan nínú rẹ̀.
Ẹni tó tà á ti lò ó gbẹ bí ọsàn tí wọ́n mu tán.
Wọ́n ra agolo mẹ́wàá:
pupa, àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ ìyeyè,
dúdú fún ìwé dídán, dúdú fún ìwé tí kò dán,
àti eérú kan tí òun náà ń jẹ́ dúdú,
bóyá kí inú má baà bí i.

Ẹ̀rọ ò tíì tẹ àmì tó tó èèrà, ó ti ń mu.
Ó mu, ó kùn, ó mu.
Eduvigis ń wo owó ìfẹ̀yìntì oṣù yẹn bó ṣe ń gba ọ̀fun rẹ̀ lọ:
“Àlejò rèé, kò tíì kí wa, ó ń bèèrè omi.”

Ìwé wá dé nínú páálí,
mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ká mọ́ra rẹ̀.
Ẹ má bi mí ní ohun tí wọ́n kọ sí i.
Ìwé tí a ká ni, kì í ṣe ìwé tí a kà.
Ó ti ká pẹ́, ó ti gbàgbé bí wọ́n ti ń nà;
o lè tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí o fi ìkòkò tẹ̀ ẹ́ lórí,
bó o bá yíjú, ó ti padà sùn.

Ọ̀pá gba inú ìwé kọjá, etí ìwé wọ ẹnu ẹ̀rọ.
Ẹ̀rọ pọ̀ ọ́ jáde: ó wọ́.
Nibaldo tún un fi sí i. Ó wọ́.
Ẹ̀ẹ̀kẹfà.
Ọkùnrin yìí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó
nínú yàrá gíláàsì lórí kiréènì èbúté,
tó ń sọ kọ̀ntẹ́nà ogójì tọ́ọ̀nù kalẹ̀ sínú ọkọ̀
láìfi ìbú ìka kan ṣìnà.
Ìwé fúyẹ́fúyẹ́ ló wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.
Rayén, ọmọ ilé kejì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní:
“Bàbá, ẹ má tì í. Ẹ jẹ́ kó wọlé fúnra rẹ̀.”
Ó wọlé.

Àwòrán méjìdínlógún ló yà lọ́jọ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀,
láti òsì dé ọ̀tún, láti inú gíláàsì náà.
Rayén ló gán wọn pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà
títí òkun fi di aṣọ kan.

Òkun àkọ́kọ́ jáde lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó rẹwà.
Nibaldo fọwọ́ pa á lára.
Àṣé ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí!
Òkun bọ́ sí i lọ́wọ́, ọkọ̀ méjì bọ́ sí i lọ́wọ́,
ojú ọ̀run ń kán sí bàtà rẹ̀.
“Gbogbo ọdún yẹn,” Eduvigis wí, “o ò fọwọ́ kàn án rí.
Lónìí o kàn án.” Ó na àkísà sí i.

Wọ́n yí ìwé padà.
Ìkejì ń yọ ní ìwọ̀n ìka kan, ìka kan,
bí ahọ́n ẹni tí dókítà ń yẹ̀ wò.
Aago kan òru, kò sẹ́ni tó sùn.
Àwọn kiréènì yòókù jáde, òkè jáde,
ilé wọn náà jáde, kò ju hóró ìrẹsì lọ,
nǹkan funfun kan sì ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Eduvigis tẹjú mọ́ ọn.
“Aṣọ iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.”

Mítà mẹ́ta ààbọ̀ ni òkun yìí gùn,
ògiri tó gùn jù nínú ilé ò ju méjì lọ.
Nítorí náà, bí o bá yà kí wọn,
wàá rí èbúté tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù,
tó ṣẹ́ kọ́nà, tó gba òkè ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kọjá.
Ìpẹ̀kun rẹ̀ lápá ọ̀tún ṣì ká,
pẹ́ẹ̀gì aṣọ mẹ́ta ló dì í mú.
Nibaldo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,
òun ò tíì kà á débẹ̀.